Àjà-Ilẹ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Ṣófo

Ní ọjọ́ kejì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ abẹ́ ilé mi ní Ìgbó-Ọrà, àwọn ènìyàn wá kí mi kú ará fẹ́ra kù. Ẹni àkọ́kọ́ ni Bàbá Ràṣídì, aládùúgbò wa tó ń ta kẹrosíìnì. Ó ṣí fìlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wo ojú mi.

"Tíṣà, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́hun á dárí jìn ín."

"Ta ló kú, Bàbá Ràṣídì?"

Ó wo òkìtì yẹ̀pẹ̀ pupa tó wà níwájú ilé. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n ń ru apẹ̀rẹ̀ yẹ̀pẹ̀ jáde láti inú yàrá. Ó ní, "Ohun tí èmi náà wá béèrè nìyẹn."

Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ wa yóò rò pé ó ń ṣe àwàdà. Kò ṣe àwàdà. Nígbà náà, inú ilé ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń sin àgbàlagbà wọn sí. Bí a bá rí i tí wọ́n ń kó yẹ̀pẹ̀ jáde láti inú yàrá, a kì í béèrè ohun tí wọ́n ń gbẹ́. Orúkọ ẹni tó lọ nìkan ni à ń béèrè.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo fi ayé mi ṣe. Mo kọ́ ọ lọ́wọ́ Ọ̀gá Làmídì, bíríkìlà kan ní Èrúwà. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Ìbàdàn, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo sì padà wá sí Ìbàràpá láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Tíṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sìmẹ́ńtì máa ń pọ̀ lọ́wọ́ mi ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Mo ti kọ́ ilé ìwòsàn kékeré, mo ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí n kò lè ka iye wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ihò tí mo gbẹ́ sábẹ́ ilé ara mi, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ mí, òun náà sì ni mo ń rò jù báyìí.

Ilé náà wà ní ẹsẹ̀ àpáta, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sódò. Níwájú, ilẹ̀ ilé wa bá ti ìta dọ́gba. Lẹ́yìn, ìpìlẹ̀ ga tó àyà mi. Ohun tí bíríkìlà máa ń ṣe sí irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé kó da yẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀, kó gún un mọ́lẹ̀, kó sì tẹ́ sìmẹ́ńtì sórí. Nígbà tí mo ń kọ́lé, òjò ká mi mọ́ kí n tó rí yẹ̀pẹ̀ kó, mo bá tẹ́ pákó ìrókò sí yàrá ẹ̀yìn, mo sì kó wọlé. Abẹ́ pákó náà wá di òfìfo. Alángbá àti ìrẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ ìyàwó mi. Àwọn ará ìta ń pè é ní Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe orúkọ ní Ìgbó-Ọrà. Bí ènìyàn bá ké pe Ìyá Ìbejì lọ́jà wa, ìdajì ọjà ni yóò dáhùn. Nítorí náà wọ́n fi òwò rẹ̀ kún un: Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́gùúsí.

Ẹ̀gúsí ni ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n gbìn. Àwọn àgbà tilẹ̀ ń sọ pé láti ara bàrà, èso tí ẹ̀gúsí ń gbé inú rẹ̀, ni orúkọ Ìbàràpá ti wá. Bí bàrà bá gbó, àwọn àgbẹ̀ a fọ́ ọ sílẹ̀ lóko, wọn a jẹ́ kó jẹrà, kí wọ́n tó fọ hóró inú rẹ̀ kí wọ́n sì sá a. Lásìkò yẹn, gbogbo ènìyàn ló ń tà. Àwọn oníṣòwò tó ń gun lọ́rì bọ̀ láti Ìbàdàn a sì máa rà á bí ẹni tó ń ṣàánú fún wa. Ẹni tó bá ní ibi tó lè kó tirẹ̀ pamọ́ sí títí di ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń jèrè. Àbẹ̀kẹ́ kò ní ibẹ̀. Àpò ẹ̀gúsí wà ní pálọ̀ wa, ó wà lábẹ́ ibùsùn, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ilẹ̀kùn kò fi lè ṣí tán. Ní ọdún tó ṣáájú, eku wọ inú òmíràn, òjò sì gba ojú fèrèsé pa ìyókù títí wọ́n fi bu. Ó sunkún lọ́jọ́ tó dà wọ́n nù. N kò rí i kó sunkún nítorí òwò rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbá yàrá ẹ̀yìn. Ó fi ìdí ìgbálẹ̀ kan pákó, ó tẹ́tí sí bó ṣe dún.

"Bàbá Ìbejì, kí ló wà lábẹ́ wa níbí?"

"Kò sí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́." Ó tún kàn án. "Ẹ kọ́ yàrá fún afẹ́fẹ́, ẹ wá ní kí èmi àti ẹ̀gúsí jọ máa sùn."

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ mọ́tò lọ sí Èrúwà, mo lọ bá Ọ̀gá Làmídì lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì fi ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ gbẹ́ abẹ́ ilé náà sísàlẹ̀ sí i, kí ènìyàn lè nàró nínú rẹ̀.

"Ilé tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lo fẹ́ lọ gbẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Bí o bá gbẹ́ ẹ dé ìdí ẹsẹ̀, ó ṣubú nìyẹn. Fi èjìká sílẹ̀ fún un."

Èjìká ni ilẹ̀ tí a kò fọwọ́ kàn, tí a fi sílẹ̀ yí inú ìpìlẹ̀ ká bíi pẹpẹ. Àárín nìkan là ń gbẹ́. Èjìká náà ló ń di ẹsẹ̀ ògiri mú kó má yọ̀, orí rẹ̀ kan náà la sì ń to ẹrù lé. Mo ti ka ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìwé kò pè é ní èjìká. Látìgbà tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Ọ̀gá Làmídì, n kò lè wo ilé kankan kí n má rò pé ó ń gbé nǹkan.

"Ojú afẹ́fẹ́ ńkọ́?" ló tún bi mí. "Ṣe é ní èyí tí yóò gbà wọlé àti èyí tí yóò gbà jáde. Ilé tí kò bá mí, òógùn ló ń bò ó, ẹrù inú rẹ̀ á sì bu. Má jẹ́ kí ìyàwó rẹ ṣépè fún mi."

N kò fẹ́ dá ihò ńlá sí ara ìpìlẹ̀ ẹ̀yìn. Nítorí náà mo ṣí pákó nínú yàrá, a gbé àkàbà sọ̀kalẹ̀, a sì ń gba iwájú ilé kó yẹ̀pẹ̀ jáde. Ohun tó mú Bàbá Ràṣídì ṣí fìlà nìyẹn. Ó ti lọ, ó ti rẹ́rìn-ín dé ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àdúgbò wa. Ẹnìkan ti rí yẹ̀pẹ̀. Ẹlòmíràn ti rí i pé Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́gùúsí kò sí ní ìsọ̀ rẹ̀ láti àná. Wọ́n so méjèèjì pọ̀, òkú dé. Ìdèrè, níbi tí ìyá Àbẹ̀kẹ́ ń gbé, kò jìnnà sí Ìgbó-Ọrà, ọ̀rọ̀ kì í sì í dúró de mọ́tò.

Kí ọ̀sán tó pọ́n tán, mo gbọ́ igbe láti ojú títì. "Àbẹ̀kẹ́ o! Ìwọ ló yẹ kí o sin mí o!" Màmá Ìdèrè ló ń bọ̀, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn obìnrin ilé wọn lẹ́yìn rẹ̀. Mo sáré lọ pàdé wọn, kò tilẹ̀ rí mi. Ó kọjá lára mi, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó dúró létí ihò.

Ìsàlẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ wà. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀, tó ń tẹ́jú ilẹ̀, nítorí ó ní àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ bí àpò ṣe ń jókòó. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ó gun àkàbà, ó yọ orí: yẹ̀pẹ̀ pupa lórí, yẹ̀pẹ̀ lójú, yẹ̀pẹ̀ títí dé irun ìpéǹpéjú.

"Màmá, kí ló dé? Ta ló kú?"

Àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé Màmá sá jáde. Ọ̀kan fi sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀, kò sì padà wá mú un títí di ìrọ̀lẹ́. Òṣìṣẹ́ kan rẹ́rìn-ín títí ó fi da apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nù sí pálọ̀. Àbẹ̀kẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Màmá Ìdèrè kò rẹ́rìn-ín. Ó ti jókòó sórí pákó. Ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó fún un, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú rẹ̀ títí ó fi rí àwọ̀ ara. Nígbà náà ló tó kọjú sí mi.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dí i."

"Màmá, àjà ni. Àjà tí a fẹ́ máa kó ẹ̀gúsí sí."

"Àjà? Òkè ni àjà ń wà, níbi tí a ń kó àgbàdo sí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí, mo mọ orúkọ rẹ̀."

Mo ṣàlàyé èjìká fún un. Mo ṣàlàyé ojú afẹ́fẹ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ẹ kú ìwé," ló wí. "Ẹ ti gbẹ́ ihò sínú ilé. Wọ́n ti sunkún sí i. Wọ́n ti dárúkọ ọmọ mi sí i. Irú ihò bẹ́ẹ̀ kì í padà lófo. Ẹ dí i kí n tó dìde níbí."

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí ẹnu ihò náà, níbi tí àkàbà wà. Kò sí ẹni tí yóò ré ẹsẹ̀ àgbà kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ jókòó síta.

Bàrà ti ń jẹrà lóko nígbà náà. Àbẹ̀kẹ́ ti lọ káàkiri abúlé, ó ti bá àwọn àgbẹ̀ sọ ọ́ pé òun ni yóò gba tiwọn lọ́dún náà, kí wọ́n má dúró de lọ́rì. Bí a bá dí ihò náà, ọwọ́ àwọn oníṣòwò lọ́rì ni ẹ̀gúsí náà yóò tún bọ́ sí, kò sì sí àgbẹ̀ tí yóò tún fún un ní ẹ̀gúsí lọ́dún tó ń bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo tún mọ̀ pé n kò lè bá ìyá ìyàwó mi jà lórí ọmọ tó bí.

Àbẹ̀kẹ́ jókòó ti ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní:

"Màmá, nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ de Bàbá Àgbà, tí Bàbá wá jí sáyé, kí ni wọ́n ṣe sí ihò náà?"

"Wọ́n sin ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i."

"Ó jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹ́. Ó sì gbàgbé Bàbá Àgbà títí wọ́n fi rí ọmọ ọmọ."

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe ènìyàn dandan ló ń fẹ́. Kó ṣáà ti jẹun ni."

Màmá wò ó. "O fẹ́ fi ẹnu rẹ mú mi."

"Ẹ̀gúsí la gbẹ́ ẹ fún, Màmá. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ̀gúsí. Kó jẹ ẹ́ yó."

Arúgbó náà ronú. Mo rí i pé ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jò, kò sì rí i.

"Kó má jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ wá gbàgbé o," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ ni. Tiyín yìí, ojoojúmọ́ lẹnu rẹ̀ yóò máa là. Kò gbọdọ̀ ṣófo lọ́jọ́ kan."

Ó ká ẹsẹ̀ kò.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìkòkò amọ̀ kékeré kan wá láti Ìdèrè, ẹ̀gúsí kún inú rẹ̀. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn gba orí àkàbà lọ sísàlẹ̀, èmi di àkàbà mú, mo ń wo ibòmíràn. Ó gbé ìkòkò sí kọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tó wí pé, "Gbà, jẹ. Kí o sì yéé wojú ènìyàn." Nígbà tó gòkè, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ lára. "Ó ku tiyín."

Ọmọ ìjọ ni mí, mo sì kàwé. N kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Inú mi kàn dùn pé ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà.

A parí àjà-ilẹ̀ náà kí àpò àkọ́kọ́ tó dé. Mo fi àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì rọ́pò àkàbà. Mo lu ojú afẹ́fẹ́ sí ìhà méjèèjì, mo fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò wọ́n nítorí eku àti ejò. Mo gbẹ́ gọ́tà sí apá òkè ilé kí omi àpáta má baà wá wò wá. Ọparun ni a tẹ́ sórí èjìká kí àpò má fara kan ilẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ a máa sọ̀kalẹ̀ lọ ní àárọ̀, á ti ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìgúnpá, á di ojú. Bí inú rẹ̀ bá tutù, tó sì dún ṣàkàṣàkà, á ṣí ojú, á sì máa kọrin lọ sídìí àpò kejì. Ìgbà míràn mo máa ń jókòó ní yàrá ẹ̀yìn láti ka ìwé, orin yẹn a sì máa gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi wá.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, oníṣòwò Ìbàdàn kan sọ̀ nínú lọ́rì.

"Ìyá Ìbejì, ẹ̀gúsí ti tán lóko. Níbo lẹ ti rí èyí?"

"Abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni."

Ó rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín.

Látìgbà náà, àwọn tí ilé wọn wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi wá. Hẹ́dímásítà kan ní Ìdèrè ní kí n wá ṣe tòun, ṣùgbọ́n òbúkọ kan ti ń gbé abẹ́ ilé náà tipẹ́, kò sì fẹ́ kó jáde. Bí a bá lé e ní àárọ̀, á ti padà kí a tó bu omi mu. Nígbẹ̀yìn a pín ibẹ̀ sí méjì, òbúkọ gba ìdajì, iṣu gba ìdajì. Àlàájì kan ní Èrúwà náà fẹ́ ṣe é. Mo sọ fún un pé orí àpáta gbalasa ni ilé rẹ̀ wà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣáà bẹ̀rẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀. Orí dígà méjì tẹ̀, a sì jọ jẹ iyán, mo padà sílé.

Àwọn obìnrin ilé ló máa ń bẹ̀rù iṣẹ́ náà jù. Àbẹ̀kẹ́ a bá mi lọ, á jókòó tì wọ́n, á sọ bí ìyá òun ṣe wá sin òun. Wọn a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, á yọ abọ́ ẹ̀gúsí kan jáde nínú àpò, á ní kí ìyá ilé gbé e sọ̀kalẹ̀ kí ohunkóhun mìíràn tó wọ ibẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tíṣà, ṣé ẹ̀gúsí wà nínú sílábọ́ọ̀sì?"

"Kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì. Ó wà nínú iṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lo ìgbà tí wọ́n sọ pọ́n-ùn di náírà, bẹ́ẹ̀ náà la lo àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n kúrò nílé. Màmá Ìdèrè lọ, ó ti darúgbó gan-an, ọmọ rẹ̀ ló sì sin ín, bó ṣe yẹ. Mo fẹ̀yìn tì. Àbẹ̀kẹ́ dín òwò kù, ó sì fi í sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àpò tán lórí èjìká. Ìkòkò ìyá rẹ̀ nìkan ló kù ní kọ̀rọ̀, ó sì ń pààrọ̀ ẹ̀gúsí inú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí tuntun bá jáde. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè sọ̀kalẹ̀ mọ́, èmi ló ń rán. Á dúró lókè, á fi ọwọ́ ti ògiri.

"Ṣé ó wà?"

"Ó wà."

"Kò ṣófo?"

"Kò ṣófo, Àbẹ̀kẹ́."

Mo máa ń dáhùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Èmi tí mo kàwé.

Itẹ́ òkú ìjọ la sin Àbẹ̀kẹ́ sí. Kò sí yẹ̀pẹ̀ níwájú ilé mi lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ràṣídì ti sọ nígbà tí kò tíì jẹ́ òótọ́. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo ti gbọ́ ọ ní ìgbà púpọ̀, mo ti fi kí ẹlòmíràn, n kò sì ronú sí i rí pé ohun tó ń sọ ni pé a wá ara wa, a sì rí i pé ẹnìkan dín. Mo ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ni mo ń wò. Mo ń retí kí ẹnìkan gòkè láti ìsàlẹ̀, yẹ̀pẹ̀ lórí, kó béèrè pé ta ló kú.

Nígbà tí òórùn bàrà tó ń jẹrà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọ ìlú láti oko, mo sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìkòkò náà. Kòkòrò ti jẹ inú ẹ̀gúsí, èèpo ló kù. Mo gbé ọ̀pá mi, mo lọ sọ́jà.

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń tà kò mọ̀ mí. "Bàbá, ṣé kí n wọn èyí tí wọ́n ti bó fún yín? Yóò yá lọ́bẹ̀."

"Rárá. Eléèpo ni mo fẹ́."

"Ẹ fẹ́ gbìn ín?"

"Mo fẹ́ gbé e sílé ni."

Mo fi ẹ̀yìn gba orí àtẹ̀gùn lọ sísàlẹ̀, nítorí ọjọ́ orí. Mo nu ìkòkò, mo da ẹ̀gúsí sí i, ó dún ṣàkàṣàkà. Mo dúró díẹ̀ nídìí àtẹ̀gùn, bí mo ti máa ń dúró, kí ìbéèrè lè ti òkè wá.

Lẹ́yìn náà, mo dáhùn.

"Ó wà. Kò ṣófo, Àbẹ̀kẹ́."